Ẹrù Abẹ́ Ẹ̀wù

Ní apá ọ̀dọ̀ wa, láti Igbógílà títí dé bódà ní Ìwòyè-Kétu, ọmọ máa ń mọ bí wọ́n ṣe ń dá kọ́sítọ́ọ̀mù lóhùn kó tó mọ A-B-D. Ìdáhùn náà kò gùn: "Kò sí nǹkan, ọ̀gá." Kí o rẹ́rìn-ín díẹ̀, kó má pọ̀ jù. Kí o má wo ibi tí ẹrù wà. Ohun tí wọn kò bá sì bi ọ́, kí o má sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wa kú, ló kọ́ mi. Aṣọ ló ń rà ní ọjà Kétu lọ́hùn-ún. Á wé e mọ́ra lábẹ́ ìró títí yóò fi dà bí aláboyún tó ń retí ìbejì, á sì máa rọra bọ̀ wálé bí ẹni tó lọ kí àna. Oyún tí Ẹ̀gbọ́n ti gbé kọjá bódà yẹn pọ̀ ju ọmọ tó wà ní gbogbo àdúgbò wa lọ.

Mo gbé ẹ̀kọ́ yẹn dání lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ rántí ohun tó wà nínú ìkẹfà, ṣùgbọ́n nínú "kò sí nǹkan, ọ̀gá," mo gboyè. Oyè náà ló kù díẹ̀ kó gbé mi lọ sọ́run.

Ilé ìfọṣọ ni mo ti ríṣẹ́. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì ló ń kó aṣọ ibùsùn wọn wá, àwa ń fọ̀ ọ́, à ń lọ̀ ọ́, à ń ká a. Inú ibẹ̀ gbóná bí ìdí ààrò. Bí mo bá wá ṣílẹ̀kùn láti máa lọ sílé, òtútù á gbá mi létí bí tíṣà tó bá ọmọ tó ń sùn ní kíláàsì.

Mo ń kí ènìyàn. Kí ni kí n ṣe? Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Mo rí òyìnbó kan tó ń gbẹ́ títì, mo dúró, mo ní, "Wẹ̀lì dọ́ọ̀nù, sà." Ó gbójú sókè, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ó wá bi mí bóyá mo sọnù ni. Mo ní rárá. Mo rìn síwájú. Nígbà tí mo délé ni mo wá rò ó pé bóyá ó yẹ kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Irú ayé báyẹn ni mo ń jẹ nígbà tí mo rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ mi. Ẹlòmíràn á ti figbe ta. Èmi rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá dàgbà létí odò Yewa á mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ọmọkùnrin tó ń lúwẹ̀ẹ́ lódò tí kò tọ ẹ̀jẹ̀ rí kò wọ́pọ̀. Àtọ̀sí ajá ni wọ́n ń pè é. A kì í sọ fún àgbà. A máa ń fi í díje ni, pé ti ta ló pọ́n jù. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá pọ́n, ọmọ ọwọ́ ni. Nítorí náà, nígbà tí mo rí pupa yẹn ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣe mí bí ẹni tó rí ará ìlú rẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo ní, "Ìwọ náà ti dé?"

Ó pẹ́ kí n tó lọ sọ́dọ̀ dókítà. Nígbà tí mo lọ, dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá mo lúwẹ̀ẹ́ lódò nígbà èwe. Ẹnu yà mí. Ta ló sọ fún un? Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kòkòrò inú odò ló ti ń ba àpò ìtọ̀ mi jẹ́ láti ìgbà náà, òun kò lè búra sí i. Ohun tó dá òun lójú ni pé jẹjẹrẹ wà níbẹ̀, àti pé gbogbo àpò náà ni àwọn máa yọ. Ó ya àwòrán rẹ̀ sórí bébà fún mi. Wọ́n á gé díẹ̀ nínú ìfun mi, wọ́n á so ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà láti inú kíndìnrín méjèèjì mọ́ ọn, wọ́n á wá yọ ẹnu ìfun náà síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo mi. Ibẹ̀ ni ìtọ̀ á máa gbà bọ́ sínú ọ̀rá kan tí mo máa lẹ̀ mọ́ ikùn títí ayé. Mo wo àwòrán náà sọ́tùn-ún, mo wò ó sósì. Mo bi í bóyá pílánù ilé ni àbí ènìyàn.

Wọ́n ṣe é, mo sì jí. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Dòrín, ọmọ erékùṣù Bàbédọ̀ọ̀sì, ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ojú ibẹ̀. Páápà ló ń pè mí. Ẹnu kékeré náà pọ́n, ó sì ń dán, bí ètè ọmọ tuntun. Mi ò fẹ́ wò ó.

"Ẹ fọwọ́ kàn án, Páápà. Kò léyín."

"Ta ló ti yẹ̀ ẹ́ wò?" mo ní.

Ó rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ mi mú, ó gbé e lé e. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èmi ni mo sunkún.

Ní wọ́ọ̀dù yẹn, kò sí ẹni tó gbé oúnjẹ wá fún mi láti ilé. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí o bá dùbúlẹ̀ sí ọsibítù, àwọn tó ń sùn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì á pọ̀ ju ẹni tó wà lórí rẹ̀ lọ. Wọ́n á máa bá ara wọn jà lórí ẹni tó máa fọ àwo. Èmi nìkan ni mo wà lórí tèmi, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń dán gbinrin, ẹnikẹ́ni kò tẹ́ ẹní sí i.

Ẹ̀gbọ́n kò ní tẹlifóònù. Ilé àlùfáà ìjọ wa ní Ìlaro ni mo máa ń pè, lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Ẹ̀gbọ́n á ti wọkọ̀ wá, á jókòó ní pálọ̀ pẹ̀lú àwọn tó wá rí àlùfáà. Ó gbà pé bí Lọ́ńdọ̀nù ṣe jìnnà tó ló yẹ kí òun pariwo tó. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ fún un, mo rọra sọ ọ́ ni.

"Wọ́n yọ kí ni?"

"Àpò ìtọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Àpò ìtọ̀? Ibo wá ni ìtọ̀ ń gbà báyìí?"

Mo gbọ́ bí gbogbo pálọ̀ ṣe dákẹ́.

"Ikùn ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra."

"Ikùn ló ń gbà o!" Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi ló ń sọ ìyẹn fún.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, wọ́n gbàdúrà fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní àlùfáà dárúkọ ojú ibẹ̀ gan-an, kí Ọlọ́run má baà ṣìnà.

Iṣẹ́ abẹ ní ọjọ́ tó parí. Ohun tó tẹ̀lé e ni kò lópin. Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, mo gbọ́dọ̀ padà lọ kí wọ́n wò ó bóyá jẹjẹrẹ náà ti padà. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á gba ìtọ̀, wọ́n á ya fọ́tò àyà mi. Nígbà míràn wọ́n á tì mí bọ inú ẹ̀rọ ńlá kan tó ń kùn bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, wọ́n á ní kí n má mí. Èmi tí mi ò tíì mí láti àárọ̀! Lẹ́yìn náà ni dókítà á bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ṣé ẹ̀yìn ń dùn ọ́? Ṣé o ń rù? Ṣé o rí ẹ̀jẹ̀ nínú ọ̀rá? Bó ṣe ń bèèrè, ojú rẹ̀ ń lọ sókè sódò lára mi, bírò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wò ó títí, mo ní mo mà ti rí ọkùnrin yìí níbì kan rí. Kọ́sítọ́ọ̀mù ni.

Mo máa ń rò ó nínú bọ́ọ̀sì pé ẹni tí jẹjẹrẹ bá ti fọwọ́ kàn rí ti di ará bódà. Àwọn tí ara wọn le ń gbé lápá kan, àwọn tó ń lọ ń gbé lápá kejì, òun wà láàárín, wọ́n ń fún un ní ìyọ̀ǹda oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ó yẹ kó ti mọ́ mi lára. Ìyá àgbà kan náà ló bí àwa àti àwọn ará wa ní Kétu. Wọ́n kọ́ àwọn ní Faransé, wọ́n kọ́ àwa ní Gẹ̀ẹ́sì, a wá ń gba iwájú ìbọn kọjá lọ bá ara wa ṣe ìkómọ. Síbẹ̀, ẹni tó bá dàgbà síbẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ kan náà ni, wọ́n kàn fa ìlà sí i ni. Èyí tí wọ́n fà sínú ara ènìyàn ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rí i. Ní Lọ́ńdọ̀nù wọ́n ń bi mí pé ìgbà wo ni mò ń lọ sílé. Nílé wọ́n ń pè mí ní ará Lọ́ńdọ̀nù. Nínú ara tèmi gan-an, mi ò mọ ẹni tó ni ilẹ̀.

Ó lé lọ́dún kan tí gbogbo rẹ̀ fi ń lọ dáadáa. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ ṣe Kérésì nílé, àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti kúrò. Ẹ̀gbọ́n ti ń bọ́ òbúkọ kan dè mí. Ó ní òbúkọ náà ti mọ orúkọ mi. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀gbẹ́ òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, láti ẹ̀yìn wá síwájú, ṣòkòtò mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bọ́ nídìí mi.

Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, wọn ò ní jẹ́ kí n lọ. Mo sọ fún ara mi pé nítorí tíkẹ́ẹ̀tì ni. Irọ́ ni. Tíkẹ́ẹ̀tì kó ìdajì, ẹ̀rù kó ìdajì tó kù. Èmi tí mo ń fi ẹ̀jẹ̀ díje létí odò, ìbéèrè dókítà ni mò ń sá fún bí ewúrẹ́ tó rí òjò.

Wọ́n máa ń gbé mi sórí ìwọ̀n kí n tó wọlé sọ́dọ̀ dókítà. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún mi, mo wọ ṣòkòtò lé ṣòkòtò, mo wọ súwẹ́tà lé súwẹ́tà, mo sì ki agolo mílíìkì bọ gbogbo àpò kóòtù mi. Mo gun ìwọ̀n. Ọwọ́ rẹ̀ fò lọ síbi tó yẹ. Inú dókítà dùn. Ọjọ́ yẹn kì í ṣe ọjọ́ ẹ̀rọ, ìbéèrè nìkan ni, ó sì fọwọ́ tẹ ikùn mi díẹ̀.

"Ìrora kankan?"

"Kò sí nǹkan, dókítà." Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò pọ̀ jù.

Nígbà tí mò ń jáde, Nọ́ọ̀sì Dòrín bá mi gbé kóòtù. Agolo kọlu agolo.

"Páápà, kóòtù yín ń sọ̀rọ̀."

"Mílíìkì ni. Mo fẹ́ràn tíì."

"Gbogbo èyí?"

"Mo fẹ́ràn tíì gan-an ni."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọwọ́ tí mo fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ó ní, "Ọjọ́ Ajé, mo wà níbí láti àárọ̀. Ẹ mọ ilẹ̀kùn mi."

Lọ́jọ́ Àìkú mo pe ilé. Mo rò pé ìtàn agolo yẹn á dùn mọ́ Ẹ̀gbọ́n nínú, iṣẹ́ tirẹ̀ ṣá ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó ní kí n tún ibi tí ọwọ́ ìwọ̀n ti fò sọ. Lẹ́yìn náà ló wá ní:

"Kí ló ń ṣe ẹ́ tó o fi ń gbé agolo?"

"Ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí díẹ̀. Mo sì rù díẹ̀."

"Dókítà ò wá mọ̀."

"Kò mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ó gbé ọ̀pá bódà sókè fún mi, mo kọjá."

N kò gbọ́ kí Ẹ̀gbọ́n rọra sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù rí. Lọ́tẹ̀ yìí, kò pariwo.

"Ìwọ ọmọ yìí. Èmi, bí mo bá fi aṣọ pamọ́, ẹni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi ni mo fi í pamọ́ fún. Kí ni dókítà fẹ́ gbà lọ́wọ́ tìẹ? Olè wà nínú ilé rẹ, ọlọ́pàá wá kanlẹ̀kùn, o ní kò sí nǹkan."

"Ẹ̀gbọ́n, wọn ò ní jẹ́ kí n wálé Kérésì."

"Òbúkọ á dúró. Bí kò bá dúró, a ó ra òmíràn. Ìwọ ni mi ò mọ ọjà tí wọ́n ti ń tà."

Lọ́jọ́ Ajé mo kan ilẹ̀kùn Nọ́ọ̀sì Dòrín. Ó mú mi wọlé sọ́dọ̀ dókítà. Mo to gbogbo agolo náà sórí tábìlì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí nìyí?"

"Ẹrù tí mo gbé kọjá níjelòó."

Nọ́ọ̀sì Dòrín kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. Dókítà kò tètè lóye, ṣùgbọ́n nígbà tó yé e, ó gbé bírò rẹ̀. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ohun tó bi mí, mo sọ èyí tí kò bi mí. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni wọ́n tì mí bọ inú ẹ̀rọ. Kíndìnrín mi ti òsì ti wú. Ojú ibi tí wọ́n ti rán ọ̀nà ìtọ̀ mọ́ ìfun ti dí, ìtọ̀ ń padà sẹ́yìn. Dókítà kò fi bò. Ó ní ó lè jẹ́ àpá ló fún ibẹ̀ pa, ó sì lè jẹ́ pé jẹjẹrẹ ló padà síbẹ̀. Àfi kí àwọn ṣí i wò.

Wọ́n ki rọ́bà tín-ínrín kan sí mi lẹ́yìn kí ìtọ̀ tó ti dí lè máa rí ibi gbà. Mo wá ń retí ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí i. Kérésì bá mi lórí ìrètí yẹn. Mo se ìrẹsì, mo gbé àwo méjì kalẹ̀ láìmọ̀, mo wá jẹ nínú méjèèjì kí èkejì má baà bínú. Mo fẹ́ kọ orin Kérésì wa, mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ga jù, mo dúró lójú ọ̀nà, kò sí ẹni tó máa bá mi gbé e. Ẹ̀rù tó ń bà mí ti pọ̀ débi pé ó sú mi. Mo bá a sọ̀rọ̀. Mo ní, "Bó o bá máa pa mí, pa mí, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n fọ àwo ná."

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí i, dókítà wá bá mi fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Dòrín wà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì ti rí i lójú rẹ̀ kí ọkùnrin náà tó lanu.

"Àpá ni," ó ní. "Ojú ibẹ̀ kàn jinná jù ni. A yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀. A ti tún un rán."

"Ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ. Ó wá fi kún un pé ká ní mo ti lọ ṣe Kérésì yẹn ni, kíndìnrín náà kì bá tí bá mi padà bọ̀. Mo ní kó má tún ìyẹn sọ. Nígbà tó lọ, èmi àti Nọ́ọ̀sì Dòrín ṣí ọ̀kan nínú àwọn agolo náà, a fi po tíì.

Ìgbà Àjíǹde ni mo tó rí ilé. Òbúkọ ti sanra, kò sì mọ orúkọ mi rárá, irọ́ ni Ẹ̀gbọ́n pa. Ẹ̀gbọ́n ní kí n bọ́ ẹ̀wù kí òun rí ọ̀rá náà. Mo bọ́ ọ. Ó fọwọ́ tọ́ etí ọ̀rá náà bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò lọ́jà, ó fà á díẹ̀, ó wò ó bó ṣe lẹ̀ mọ́ ara.

"Kò jò?"

"Kò jò."

"Ẹni tó ṣe é mọṣẹ́," ó ní, ó sì gbé ọbẹ̀ wá.

Ó ní àfi kí òun mú mi lọ sí Kétu kí àwọn ará ìyá wa lè fojú rí mi. Ìjọba tó tì bódà pa fún ìgbà díẹ̀ ti ṣí i padà nígbà yẹn. A lọ, wọ́n sunkún, wọ́n jó, wọ́n fún mi lómi mu. Dókítà ti ní kí n máa mu omi púpọ̀, èmi náà sì mu ún. Nígbà tí a ń padà bọ̀, tí ọkọ̀ wa dé iwájú kọ́sítọ́ọ̀mù, ọ̀rá ti kún, ikùn mi ti yọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní kí gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀. Ó wò mí.

"Bàbá, kí ló wà lábẹ́ ẹ̀wù yẹn?"

"Kò sí nǹkan, ọ̀gá" ti dé orí ahọ́n mi, ó ti ń wọ bàtà. Mo gbé e mì.

"Ìtọ̀ mi ni," mo ní.

Àwọn tí a jọ wọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ le.

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Wọ́n ti sọ fún mi pé oyún ni. Wọ́n ti sọ fún mi pé ara sísanra ni. Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ìtọ̀. Ẹ gbé ẹ̀wù yẹn sókè!"

Láti ayé àwọn baba wa, bóyá èmi lẹni àkọ́kọ́ nínú ẹbí wa tó máa sọ òtítọ́ ní bódà yẹn, wọn ò sì gbà mí gbọ́. Mo gbé ẹ̀wù sókè. Ẹ̀rín dákẹ́. Ọmọkùnrin náà wò ó, ó wo ojú mi, ó sì bá mi fa ẹ̀wù náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó mú mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Kí ló fà á?"

Mo sọ fún un. Jẹjẹrẹ. Ẹ̀jẹ̀ inú ìtọ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀.

"Ó ti wá lọ pátápátá?"

"Wọ́n ń ṣọ́ ọ. Wọ́n ń yẹ̀ mí wò lóòrèkóòrè, bí ẹ ṣe ń yẹ ọkọ̀ wò."

Ó fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá mi wà ní abúlé kan lẹ́bàá Aiyétòrò. Òun náà ń tọ ẹ̀jẹ̀. Ó ní àtọ̀sí ajá ìgbà èwe òun ni. Ó ní kò sí nǹkan."

Mo di apá rẹ̀ mú, tòun taṣọ ìjọba tòun tìbọn.

"Ọ̀gá, ẹ má gbà á gbọ́. Ẹ tú ẹrù rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́la, bó tilẹ̀ ń bú yín lójú ọ̀nà."

Ó mi orí pé òun gbọ́. Ó lọ gbé ọ̀pá sókè fún wa. Kò yẹ ẹnikẹ́ni wò mọ́.

Nígbà tí a délé, Ẹ̀gbọ́n wọ yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìró rẹ̀. Aṣọ jáde. Aṣọ mìíràn jáde. Ó ń yí bírípó, aṣọ ń bọ́ lára rẹ̀, obìnrin náà ń kéré sí i lójú mi.

Ó ká ọ̀kan nínú wọn, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Gbé èyí fún nọ́ọ̀sì tó gbọ́ ohùn agolo. Ìgbà wo lo ní wọ́n tún fẹ́ yẹ̀ ọ́ wò?"

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní láti ti padà síbẹ̀."

"Ẹ̀rù ń bà ẹ́?"

"Ó ń bà mí."

"Bí wọ́n bá bi ẹ́, wàá sọ?"

"Bí wọn ò tiẹ̀ bi mí, màá sọ. Ẹ̀yin ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n? Èmi ṣí ikùn fún gbogbo ayé, ẹ̀yin dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú gbogbo ọjà yìí, ẹ ò sọ nǹkan kan fún ọmọ yẹn."

Ó gbọn ìró rẹ̀, ó tún un ró.

"Ṣé ó bi mí ni?"